Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ Ẹ̀RỌ GÉÈMÙ: BÍ ÀWỌN TÍ Ń ṢE É TI Ń FA ỌKÀN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA



Ní oṣù tí ó kọjá, obìnrin oníṣòwò kan ní Ìdímù níhìn-ín tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìbéèrè kan. Àjọ tí ó ń dá ti kàn án, ó sì ti pinnu láti fi owó náà san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 14, ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan pé kí ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ géèmù tòkunbọ̀ fún òun. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ búburú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé géèmù kan sí ìtòsí ilé wọn, agogo méje alẹ́ ni ó ń wọlé. Ìyá náà wí pé, “Tíṣà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá rà á, yóò ha jókòó sílé bí? Àbí iná ni mo fẹ́ fi owó mi rà sórí òrùlé?”

Èmi kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, nítorí mo rí i pé èmi tìkára mi kò mọ ọ̀ràn náà dé gbòǹgbò. A máa ń bá àwọn ọmọ wí nítorí géèmù, ṣùgbọ́n a kì í béèrè pé ta ni ó ṣe é, báwo ni olúwarẹ̀ sì ṣe mọ ọkàn ọmọ wa tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe wá ọ̀ràn náà kà, tí mo sì fi ohun tí mo rí ṣe ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Kí olùkàwé fi òwe yìí sọ́kàn títí a ó fi parí.

I. Ìpìlẹ̀ Òwò Náà

Eré kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa ń ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n ń pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀ta, wọ́n sì ń pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní òpè. Àwọn ọmọdé ń ta òkòtó, wọ́n sì ń ṣe bojúbojú nígbà tí òṣùpá bá lé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun kan. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì bá pẹ́ nídìí ọpọ́n náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí kọ́bọ̀ tí ó kàn án nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù kò rí bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà.

Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ Magnavox ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí a lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé jáde; iṣẹ́ ọwọ́ Ralph Baer ni. Ní ọdún kan náà ni a dá ilé-iṣẹ́ Atari sílẹ̀. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Fairchild gbé tirẹ̀ jáde. Jerry Lawson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà. Nínú ẹ̀rọ yìí, a lè yọ kásẹ́ẹ̀tì kan kí á sì fi òmíràn sí i. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó yí òwò náà padà pátápátá. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ di ilẹ̀kùn lásán, eré tí a ń rà sínú rẹ̀ sì di ọjà gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ti ta ẹ̀rọ wọn láìjèrè, àní ní àdánù pàápàá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀kùn yóò fẹ́ wọlé ní ìgbà púpọ̀.

Òwò náà gbilẹ̀, ó sì ṣubú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1983, eré tí kò dára ti pọ̀ lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí kọ̀ láti rà á mọ́. Atari kó èyí tí kò tà lọ sin sínú ilẹ̀ ní aṣálẹ̀ New Mexico. Ní ọdún 2014 ni a tún hú díẹ̀ nínú wọn jáde.

Nintendo ni ó gbé òwò náà dìde. Ní ìlú Kyoto ní Jápáànì ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1889, káàdì títa sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde ní Jápáànì ní ọdún 1983, ó sì gbé e dé Niu Yọ́ọ̀kì ní ọdún 1985. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ gbọ́ orúkọ géèmù létí. Kí ni Nintendo ṣe? Ó fi ọmọláńgídi kan tí ó ń rìn bí ènìyàn onírin sínú páálí náà kí ó lè dà bí ohun ìṣeré lásán, ó sì ṣèlérí fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé òun yóò gba èyí tí kò bá tà padà. Lẹ́yìn èyí, ó kó orúkọ àwọn ọmọ tí ó rà á jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ní ọdún 1988 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn fún wọn, èyí tí ó kún fún àṣírí bí a ṣe ń borí nínú eré. Ìpolówó ni ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń fi owó ara wọn rà á. Nǹkan bí mílíọ̀nù 62 ẹ̀rọ náà ni a tà káàkiri ayé.

II. “Ìwọ Kì Í Ṣe Ọmọdé Mọ́”

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́langba ti wọlé. Ní ọdún 1989, Sega, ilé-iṣẹ́ Jápáànì mìíràn, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Nintendo ti gba gbogbo ọjà. Ní ọdún 1990, Sega fi Tom Kalinske ṣe olórí ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe olórí ilé-iṣẹ́ Mattel tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọkùnrin yìí rí ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Àwọn ọmọ tí ó ti ń bá Mario, púlọ́ńbà onírunmú ti Nintendo, ṣeré láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọdún méje tàbí mẹ́jọ ti dàgbà. Wọ́n ti di ọmọ ọdún 13 tàbí 14. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ń bẹ̀rù jùlọ ni kí á pè é ní ọmọdé.

Nítorí náà, ìpolówó Sega kò bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ rárá. Ariwo ni ó ń pa, ó ń fi ẹnikejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ rò pé ti àbúrò òun ni Nintendo. Ní ọdún 1991, ó gbé Sonic jáde, ẹranko kékeré aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn, tí ń sáré bí ìjì, tí kì í ní sùúrù. Ìwà ọ̀dọ́ gan-an ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ó dín owó ẹ̀rọ náà kù láti dọ́là 189 sí 149, ó sì fi eré Sonic sínú páálí kan náà. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí igi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, eré ìjà kan tí à ń pè ní Mortal Kombat dé orí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì. Nintendo mú ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀ nítorí àwọn òbí. Sega fi ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ àmì àṣírí tí a ń tẹ̀ kí ó tó rí i. Ti Sega tà ju ti Nintendo lọ. Ẹ wò ó dáradára: àṣírí tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ni ó dùn jù lẹ́nu ọ̀dọ́, nítorí àgbà kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn aṣòfin àgbà ní Amẹ́ríkà pe àwọn oníṣòwò náà jókòó, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Láti inú èyí ni àmì ọjọ́ orí tí ó wà lára páálí géèmù ní Amẹ́ríkà ti jáde ní ọdún 1994; ti Yúróòpù dé ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n Nintendo pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀: nígbà tí apá kejì eré náà jáde ní ọdún 1994, kò mú ẹ̀jẹ̀ kúrò mọ́.

III. Ojú Méjì Ọjà Kan

Sony gbé PlayStation jáde ní Jápáànì ní oṣù kejìlá ọdún 1994, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ọdún 1995. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti dàgbà díẹ̀ sí i ni ó ń wá. Ní Ìlú Ọba, ó gbé ẹ̀rọ náà sí inú ilé ijó alẹ́, ó sì fi orin tí wọ́n ń jó níbẹ̀ sínú eré ìje kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wipeout. Ọ̀dọ́ ọdún 20 ni a fi hàn níbi ìpolówó, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 ni ó ń wò ó láti ẹ̀yìn, tí ó ń fẹ́ dà bí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀dọ́langba, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ mú. Ẹ̀rọ yìí tà ju mílíọ̀nù 100 lọ.

Nígbà tí èkejì rẹ̀, PlayStation 2, dé ní ọdún 2000, ó ní ẹ̀bùn mìíràn: ó lè fi fíìmù hàn láti inú àwo DVD. Nípa èyí, ọmọ rí ohun tí yóò wí fún baba rẹ̀: “Bàbá, gbogbo ilé ni yóò jàǹfààní rẹ̀.” Ojú kan wà fún ẹni tí yóò ṣeré, ojú kejì wà fún ẹni tí yóò sanwó. Ó ju mílíọ̀nù 160 lọ tí a tà, kò sì sí ẹ̀rọ géèmù tí ó tà jù ú lọ títí di òní.

Microsoft, ará Amẹ́ríkà, wọ inú òwò náà pẹ̀lú Xbox ní ọdún 2001. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó la ọ̀nà tí àwọn ọ̀rẹ́ fi lè bá ara wọn ṣeré láti ilé olúkúlùkù nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àsansílẹ̀ owó. Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ tìkára rẹ̀ di ìpolówó. Ọmọ tí kò bá ní ẹ̀rọ náà kò pàdánù eré nìkan. Ó pàdánù ẹgbẹ́.

IV. Eré Tí Kò Ní Òpin

Ayò a máa tán. Nígbà tí ọmọ ayò bá tán lójú ọpọ́n, a mọ ẹni tí ó jẹ, a sì dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn oníṣòwò yìí ṣe. Ní ọdún 2005, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣèré ní máàkì fún iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n bá ṣe nínú géèmù, kí gbogbo ọ̀rẹ́ wọn lè rí i. Sony ṣe bákan náà ní ọdún 2008, ó sì pe tirẹ̀ ní ife ẹ̀yẹ. Àwa olùkọ́ mọ agbára máàkì. Ọmọ tí kò rí máàkì gbà ní ilé-ìwé, tí ó sì ń rí i gbà nídìí géèmù lójoojúmọ́, ibo ni ọkàn rẹ̀ yóò sùn sí?

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ EA fi ohun tuntun sínú géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀. Òṣèré lè fi owó gidi ra páálí káàdì tí a dì, láìmọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀. Bí oríire bá ṣe é, yóò rí ìràwọ̀ ńlá. Bí kò bá ṣe é, yóò tún rà. Ní ọdún 2018, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ìdájọ́ pé irú páálí bẹ́ẹ̀ jẹ́ tẹ́tẹ́, wọ́n sì kà á léèwọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Epic, tí ó ni eré Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà. Apá kan jẹ́ owó ìtanràn nítorí gbígba ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí. Apá kejì, mílíọ̀nù 245, jẹ́ owó tí a óò dá padà fún àwọn tí ọ̀nà ẹ̀tàn mú kí wọ́n ná owó tí wọn kò fẹ́ ná. Òótọ́ ni pé EA àti Epic kì í ṣe ẹ̀rọ, eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí a bá rà ní orí ẹ̀rọ, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà a máa mú ìpín tirẹ̀.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ìlòkulò géèmù lè di àìsàn, bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, tí ó sì pa oúnjẹ, orun, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tì fún ìgbà pípẹ́. Kí á má ṣe sọ èyí di ẹ̀rù àsọrégèé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ń ṣe géèmù ni kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

V. Bí Ó Ti Rí ní Ìdímù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú títì Ìkòtún sí Ẹ̀gbẹ́dá kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì yà sí àdúgbò, yóò rí ilé géèmù: yàrá kékeré, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn níta. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀, láti ọjà Alábà ní Ọjọ́ tàbí láti Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Tòkunbọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n kò rán oníwàásù kankan sí wa. Bọ́ọ̀lù ni ó ń bá wọn wàásù. Ọmọ tí ó rí Osimhen lójú pápá ní ọjọ́ Sátidé fẹ́ di Osimhen fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, páàdì lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá borí a dúró, ẹni tí ó bá pàdánù a dìde, ẹlòmíràn a sì jókòó. Ọ̀ta àti òpè náà ni, kò yí padà. Owó ìgbá kọ̀ọ̀kan kéré lójú, nítorí náà ni kò ṣe ba ọmọ lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìgbá kan bá jẹ́ ₦200, tí ọmọ kan sì gbá mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ₦3,000 ni. Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ó di ₦39,000. Níbi tí àwọn ọmọ bá sì ti ń fi owó ta á láàárín ara wọn, ìṣirò náà kò ní ìdí mọ́.

Síbẹ̀, kí á má ṣe sọ pé ibi nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí pápá tí ọmọ lè ti gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò, ibo ni kí ó lọ? Iṣẹ́ tún ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Èkó níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti ń ṣe géèmù láti ọdún 2012, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ìṣirò, àwòrán yíyà, orin àti ìtàn sísọ ni a fi ń ṣe é, gbogbo èyí sì jẹ́ ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì.

VI. Ìmọ̀ràn

Èkíní, kí òbí lọ wo ilé géèmù náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó jókòó, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ láìbínú.

Èkejì, kí á ka ọjọ́ orí tí ó wà lára páálí eré kí á tó rà á.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀rọ yóò bá wọ ilé, pálọ̀ ni kí ó wà, kì í ṣe yàrá ọmọ. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà yìí ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdènà tí òbí fi lè pín àkókò eré, tí ó sì fi lè dènà owó níná; kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á bí a ti ń ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe so nọ́ńbà báǹkì wa mọ́ ọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí á kọ́ ọmọ ní ohun tí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa. Ọ̀dọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe ọ̀bọ. Bí ó bá mọ̀ pé àwọn àgbà kan jókòó ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń ṣírò bí yóò ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó, òun tìkára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra.

Èyí ni mo sọ fún obìnrin náà nígbà tí ó padà wá. Mo ní kí ó má tíì wí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí kò ṣe pé kí ó fún ọmọ náà ní ìwé àti bírò, kí ó kọ iye tí ó ti ná ní ilé géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ọmọ náà kọ ọ́, ó rò ó pọ̀, ó sì dákẹ́. Ìyá náà kò bá a jà. Ó san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ná. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé nígbà tí sáà bá parí, wọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ohun tí ọmọ náà bá sì fi pamọ́ nínú owó tí ì bá ná níta yóò jẹ́ apá kan owó ẹ̀rọ náà. Ó ń wọlé ní agogo márùn-ún àbọ̀ nísinsìnyí. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ mọ géèmù, àwa mọ ọjà. Kí á jọ sọ fún ara wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ÀWỌN OLÙKỌ́ ÀTI ÒBÍ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò àti ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ géèmù?
2. Kí ni Sega mọ̀ nípa ọmọ ọdún 13 tí àwa òbí máa ń gbàgbé?
3. Èéṣe tí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù fi pe páálí káàdì ní tẹ́tẹ́? Ǹjẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀?
4. Àwọn ohun wo ni a lè pèsè ní àdúgbò wa tí ọmọ lè fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣe?
5. Nínú kíláàsì yín, ọ̀nà wo ni a lè gbà kí ọmọ tí kò mọ̀wé púpọ̀ fi lè rí ìyìn díẹ̀ gbà lójoojúmọ́?